Ìwo àgbáǹréré kì í wo jẹjẹrẹ, èékánná ni

Ìwo àgbáǹréré tí à ń ṣe àmín sí nínú Sáàmù 92, ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́? Kẹ́rátìn ni, ohun kan náà tó di èékánná àti irun orí yín. Kò dà bí ìwo màlúù tí egungun wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ mu, èékánná ló mu.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Vietnam gbà pé ó ń wo jẹjẹrẹ. Ìròyìn kan ló gbòde níbẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, pé òṣèlú kan mu ún, jẹjẹrẹ rẹ̀ sì pòórá. Òṣèlú wo? Ọsibítù wo? Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀. (Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí àwa oní-WhatsApp.) Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀: àgbáǹréré 13 ni wọ́n jí pa ní South Africa lọ́dún 2007, nígbà tó fi máa di 2014, ó ti di 1,215 lọ́dún kan ṣoṣo. Vietnam náà ní tirẹ̀ rí, nínú igbó Cát Tiên. Òkú èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n bá lọ́dún 2010, ọta ìbọn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti gé ìwo lọ.

Àwọn kan á ní ìṣègùn ìbílẹ̀ ni, ká má kẹ́gàn ohun àwọn baba. Èmi náà ń mu àgbo o. Ṣùgbọ́n ibà àti gìrì ni àwọn àgbà oníṣègùn China ń lo ìwo yìí fún, wọn ò sọ pé ó ń wo jẹjẹrẹ. China fúnra rẹ̀ sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé oògùn ìjọba láti 1993.

Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé jíjẹ́ tí ìwo náà jẹ́ èékánná ni wọ́n fi ń gba ẹran ọ̀hún là báyìí. Èékánná tá a gé, ṣé kì í hù ni? Dókítà ẹran á yin abẹ́rẹ́ oorun lù ú, wọ́n á fi aṣọ bò ó lójú, wọ́n á wá fi ayùn gé ìwo náà lókè ibi tó ti ń hù jáde. Kò ní í dùn ún. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2025 fi hàn pé ìwo gígé yìí dín ìpakúpa náà kù ní ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún láwọn ọgbà ẹran tó wà ní agbègbè Kruger ní South Africa. Kò tíì tán pátápátá o. Àwọn olè míì ṣì ń pa á torí kùkùté tó ṣẹ́ kù, bó sì ṣe ń hù, wọ́n gbọ́dọ̀ tún gbé ayùn padà wá lẹ́yìn bí ọdún kan ààbọ̀ sí méjì.