Ẹgbẹ́ Àṣẹ̀ṣẹ̀mọ̀

Ẹ bá mi kí àńtí wa àgbà kú oríire o. Wọ́n ti pé ọmọ ọdún 58, wọ́n ti lọ́mọọmọ, Sátidé tó kọjá ni wọ́n wá mọ bí wọ́n ṣe ń da epo.

Mi ò ṣàwàdà. Mi ò tíì fọ ẹnu tí fídíò mẹ́rin fi wọlé sórí WhatsApp ẹbí, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Háà! Kí ni mo ti ń fayé mi ṣe látọjọ́ yìí??" Mo rò pé ẹnì kan ló kú. Mo ṣí i, kẹ́ẹ̀gì ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25! Pé tó o bá ń da epo, jẹ́ kí ẹnu kẹ́ẹ̀gì wà lápá òkè kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé, kò ní máa bì gbùù-gbùù sí ọ láṣọ. Òótọ́ ni o. Ṣùgbọ́n ìyá tá a ti ń ra epo lọ́wọ́ wọn ní Bódìjà ti ń dà á bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti ń wọ péńpé, wọn ò kàn gbé ring light síwájú ni.

Àìsàn tó gbòde nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kàn ń mọ nǹkan kó panu mọ́ mọ́, àfi kí wọ́n jẹ́rìí ẹ̀ bí ẹni tó rí ìwòsàn ní ìsọjí. Àwọn òyìnbó tiẹ̀ ti ṣe é ṣáájú wa, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Terry Moore gorí ìtàgé TED, níbi tí wọ́n ti máa ń sọ̀rọ̀ ọgbọ́n fáyé gbọ́, lọ́dún 2005, àgbà ọkùnrin, kò sọ̀rọ̀ owó kò sọ̀rọ̀ ìṣèlú, bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà ló ń kọ́ wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́!

Bàbá wa, ìṣó ni wọ́n fi ń lu agolo mílíìkì, ihò méjì, ọ̀kan fún mílíìkì ọ̀kan fún atẹ́gùn. Mo dá ihò kan ṣoṣo lu lọ́jọ́ kan, mílíìkì ń kán tó, tó, wọ́n fún mi ní ìkó kan tó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Àńtí wà níbẹ̀ o! Oṣù tó kọjá ni wọ́n fi fídíò ọmọ òyìnbó kan ránṣẹ́ sí mi lórí ihò méjì kan náà, "àbúrò, wá wo ọgbọ́n."

Mo dé ilé wọn lọ́jọ́ Àìkú. Àlùbọ́sà wà nínú fírísà, pé kó má bàa ta wọ́n lójú, iná ò sì sí látọjọ́bọ̀, ẹ fọkàn yàwòrán òórùn. Ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, wọn ò fọwọ́ bó o mọ́, blender ni wọ́n ń tẹ̀ kí èèpo lè ṣí. Fídíò ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí wọ́n fi í sílẹ̀, àńtí tẹ̀ ẹ́, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi ṣí i, ẹ̀wà àti èèpo ti ṣègbéyàwó. Mọ́ínmọ́ín yẹn rí tó-tò-tó bí ẹtù. Mo jẹ ẹ́ ṣá, ẹ̀gbọ́n mi ni.

Nígbà tí mo délé mo wá ní kí n wo fídíò Terry Moore yẹn kí n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa níbí. Ó ní tó o bá yí okùn gba òdì kejì, ìdè á dùbúlẹ̀ ní ìbú bàtà, kò ní tètè tú, àmọ́ tó bá nà gba òòró, kò ní pẹ́ tú. Mo wo bàtà mi. Òòró ni.

Láti Mọ́ńdè, okùn yẹn ò tíì tú. Mo ti ya fídíò ẹ̀. Mi ò tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.