Ẹ Bi Tíṣà Yín Níbi Tó Ti Ṣèṣe Rí

Láàárọ̀ yìí, ìkéde kan tún bọ́ sínú gúrúpù WhatsApp mọ̀lẹ́bí wa: ẹ wá di olùkọ́ Pilates, eré ìdárayá tó ń mú ikùn àti ẹ̀yìn lágbára, láàárín ọjọ́ méjì. Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọjọ́ méjì o! Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ n'Ìbàdàn á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Aṣọ lásán nìyẹn, kì í ṣe ọpa ẹ̀yìn ọmọ èèyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ ọrùn mi ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Tíṣà mi àkọ́kọ́ ní London níbí, ọmọ kékeré ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. A ò tíì jókòó dáadáa tó fi ní ká dùbúlẹ̀, ká gbé orí àti ẹsẹ̀ sókè, ká máa fi apá lu afẹ́fẹ́. The Hundred ni wọ́n ń pè é: ẹ ó ka márùn-ún bí ẹ ṣe ń mí sínú, ẹ ó ka márùn-ún bí ẹ ṣe ń mí síta, lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó di ọgọ́rùn-ún. Ká tó ka ogójì, ọrùn mi ti le gan-gan. Mo ké sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n fi ikùn gbé e, kí n yé fi ọrùn gbé e. Ikùn wo? Ikùn tí dókítà ti là lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé ọmọ jáde? Kò bi mí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi lè yíjú wẹ̀yìn tí mo bá ń wakọ̀. Gbogbo ara ni mo fi ń yí bí ẹni tó wọ ẹ̀wù eégún.

Físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara ríro, ló júwe tíṣà kejì fún mi. Ìyá àgbà ọmọ Jàmáíkà ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, oníjó orí ìtàgé ni wọ́n kí orúnkún tó dá wọn dúró. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ìbéèrè ni. Ọmọ mélòó ni mo bí? Èjìká wo ni mo fi ń kọ́ báàgì? Ṣé mo ti ṣubú rí? Wọ́n ká táwẹ̀lì sábẹ́ orí mi, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé egungun ìhà mi, wọ́n ní kí n mí síbẹ̀. Inú bí mi, kí n má purọ́. Ṣé èémí tí mo ti ń mí láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi ni mo wá ń sanwó kọ́? Ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin kí wọ́n tó ní kí n gbé orí. Orí náà gbéra, ọrùn ò tiẹ̀ mọ̀ sí i.

Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ nípa Kathleen Stanford Grant, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní 1921 (ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé nǹkan òyìnbó ni, ẹ gbọ́ o). Oníjó lòun náà. Orúnkún tó bàjẹ́ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Joseph Pilates, bàbá tó dá eré ìdárayá náà sílẹ̀, ní New York. Ní 1967, ọdún tí bàbá náà kú gan-an, òun àti Lolita San Miguel, oníjó mìíràn, gba ìwé ẹ̀rí lábẹ́ rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí obìnrin yìí máa ń kọ́ èèyàn kó tó kan The Hundred ni ìyá mi ọmọ Jàmáíkà fi tọ́jú mi.

Pilates fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ aláìsàn ni, tí wọ́n bí ní Mönchengladbach ní Jámánì ní 1883: ikọ́ fée, egungun tó rọ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní bá a nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tì í mọ́lé ní Isle of Man torí pé ọmọ Jámánì ni, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé ní eré ìdárayá. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí mo kọ sínú gúrúpù nìyẹn: ọjọ́ méjì kò tó, tíṣà tí ara rẹ̀ kò sì já a kulẹ̀ rí, kó má fọwọ́ kàn mí.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí kò lè ṣe kó má takò mí, dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fún Pilates níwèé?" Kò sẹ́ni tó fún un, òun ló dá a sílẹ̀, Contrology ló tiẹ̀ pè é. Ó tún rán mi létí pé láti 2000 ni kóòtù kan ní New York ti dájọ́ pé orúkọ náà kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ní Britain níbí, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní físíò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣáà ti jí láàárọ̀ lè pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ Pilates. Àbúrò mi tún ní: "Ìyá yín ọmọ Jàmáíkà wá ńkọ́? Ẹ ti rí ìwé tiwọn?"

Mi ò rí i rí. Lọ́sàn-án yìí ni mo pè wọ́n láti béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ làwọn náà fi bẹ̀rẹ̀, tàwọn ti ọ̀pá ìtilẹ̀, àti pé ọrùn àwọn tí àwọn kọ́kọ́ kọ́, Ọlọ́run ló kó o yọ.

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ṣé kí n wá máa gbàdúrà kí ọmọ ọlọ́mọ ṣèṣe kó tó lè kọ́ mi ni? Ọrùn ta ni yóò sì fi kọ́ṣẹ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ìkéde yẹn ránṣẹ́, òun ló fẹ́ lọ. Àtàárọ̀ ló ti ń retí èsì mi.