Discreet kì í ṣe discrete

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp wa pé ọ̀kan náà ni "discreet" àti "discrete", pé ará ìlú Ọba ló ń kọ ti àkọ́kọ́, ará Amẹ́ríkà ló ń kọ èkejì. Mo mọ̀ pé ire ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n, nílùú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Ìró wọn ló bára mu, inú èdè Látìn kan náà ni wọ́n sì ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ wo ọjà ẹja Olúwo. Òkìtì ẹja tí wọ́n pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí àtẹ, "discrete" nìyẹn. Ìyá ẹlẹ́ja tó rọra sọ iye owó sí oníbàárà rẹ̀ létí, kí ẹni tó dúró tì í má baà gbọ́, òun ni "discreet".

Kì í sì í ṣe ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀ o. Ó lè máa tàkúrọ̀sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó kàn mọ̀ pé gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ ni.

Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford, kí ẹ tún ṣí Merriam-Webster ti Amẹ́ríkà: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n to àwọn méjèèjì sí. Nínú "discrete", lẹ́tà t ló ya e méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ fi ìyẹn rántí rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Àwọn ọmọ wa tó ń múra WAEC ti ń kà á.