Ìbọn Ìrántí Kì í Sọ Ọmọ Ẹni Dolówó

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ àwọn ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn ìbọn lára, mo sì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń gbé lọ́hùn-ún náà. Wọ́n ní ìbọn ìrántí, èyí tí iléeṣẹ́ fi omi wúrà kùn, tí wọ́n fín orúkọ akọni tàbí ọdún ayẹyẹ sí lára, bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni á máa gbówó lórí. "Rà á, má yìn ín, tọ́jú ẹ̀ de ọmọ rẹ." Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, owó ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1966 ni Winchester, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn ní Amẹ́ríkà, pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n mú Model 94, ìbọn tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ti fi ń pa àgbọ̀nrín láti 1894, wọ́n sọ ọ̀pá rẹ̀ di oníhà mẹ́jọ, wọ́n sì fi omi wúrà kun irin àárín rẹ̀ kó lè jọ ìbọn onídẹ tí wọ́n ṣe ní 1866. Centennial '66 ni wọ́n pè é, 125 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Àwọn tó rà á gbà pé ohun tí kò wọ́pọ̀ ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe lé ní 100,000! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ti Kánádà, nǹkan bí 90,000. Ní 1968, ó kan Buffalo Bill, ọdẹ olókìkí ayé àtijọ́ kan, ìyẹn sì lé ní 110,000. Kí ló wá ṣọ̀wọ́n níbẹ̀?

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ohun tí 125 dọ́là rà ní 1966, ó tó nǹkan bí 1,200 dọ́là kéèyàn tó rà á ní 2024. Lónìí, Centennial '66 tó mọ́ kedere, tó ṣì wà nínú páálí, kì í sábà pa tó 1,000 dọ́là ní gbàǹjo. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi aṣọ wé e, tó ń fi òróró nù ún, tó tì í mọ́ inú àpótí irin fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, òfò ló jẹ. Bí ó bá jẹ́ ìpín ìdókòwò ló fi owó yẹn rà ńkọ́? Òṣùwọ̀n Dow Jones, tó ń fi bí ìpín àwọn iléeṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ṣe ń wọ́n hàn, kò tó 1,000 ní òpin ọdún 1966. Ó kọjá 40,000 ní 2024.

Ohun tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sọ ni pé ohun àtijọ́ kì í wọ́n torí pé ó pẹ́. Ó ń wọ́n torí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣègbé. Nǹkan bí 1,100 ni ìbọn ìléwọ́ Colt Walker tí Samuel Colt ṣe ní 1847. Wọ́n gbé e lọ sógun Mẹ́síkò, àwọn kan sọ nù, ẹ̀tù sì fọ́ ọ̀pọ̀ wọn mọ́ àwọn ológun lọ́wọ́. Ìwọ̀nba tó kù ni wọ́n ń jà lé lórí, ọ̀kan pa 1.84 mílíọ̀nù dọ́là ní gbàǹjo lọ́dún 2018. Ìbọn ìrántí ńkọ́? Ẹni gbogbo ló tọ́jú tirẹ̀. Bí gbogbo ilé tó wà ládùúgbò bá ká aṣọ ẹbí kan náà sínú àpótí, ta ni yóò wá fi owó ńlá bẹ̀ ẹ́ kí o ta tìrẹ fún òun?

Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ̀yin ò gbọ́ nípa ìbọn tí wọ́n tà ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ni?" Mo gbọ́. Ìbọn ìléwọ́ Colt tí ọ̀gá ọlọ́pàá Pat Garrett fi pa Billy the Kid, ọ̀daràn olókìkí kan, ní 1881 ni, wọ́n sì tà á ní Los Angeles ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ìbọn yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ Garrett lóru ọjọ́ náà. Èyí tí wọ́n fín orúkọ ẹnì kan sí lára lẹ́yìn tó ti kú, tí onítọ̀hún kò fọwọ́ kàn án rí, kò bá a tan rárá.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Model 94 lásán, èyí tí kò ní omi wúrà kankan. Ní 1964, Winchester yí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbọn padà kí owó tí wọ́n ń ná lé e lórí lè dínkù. Àwọn ẹ̀yà ara kan tí wọ́n ń gbẹ́ látinú irin líle tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde látinú irin pẹlẹbẹ. Àwọn ọdẹ fura, títí dòní ni wọ́n sì ń béèrè èyí tó ṣáájú 1964. Èyí tó ṣáájú yẹn lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀, àwọn ọdẹ ti fi wọ́n gun òkè, wọ́n ti fi wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀, igi ìdí wọn ti ha. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá ìbọn olómi wúrà figagbága lórí iye owó, torí pé àwọn tó fẹ́ lò ó kò tán. Ẹ wá wo ọdún tí Winchester bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ìrántí: 1964 kan náà ni.

Ìyà mìíràn tún wà níbẹ̀: o kò gbọdọ̀ lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ yóò gbé e sún mọ́ iná, yóò wo ilẹ̀kùn kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ibi tí wọ́n ń ki ọta gbà. Bí ọta bá ti kọjá níbẹ̀ rí, yóò rí ibi tó ha. Yóò fa irin abẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, yóò wò ó bóyá ipa ìlò wà lára rẹ̀. Òógùn ìka nìkan tó láti ba ara rẹ̀ jẹ́. Yóò wá béèrè páálí àti ìwé tó bá a wá. Bí ìyàwó bá ti da páálí nù nígbà tí ẹ̀ ń kó ilé, owó ti já nìyẹn.

Títà á gan-an kò rọrùn. Lójú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìbọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1899 ni ohun àtijọ́. Ìbọn ìrántí kò sí lára wọn. Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní ìwé àṣẹ, ó di dandan kó gba ọwọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, owó sì ni. Bí ẹ bá tà á fún oníṣòwò náà fúnra rẹ̀, òun náà fẹ́ jèrè. Ẹni tó bá sì ń rò ó pé òun á gbé e wá sílé ní Nàìjíríà, kó yáa gbàgbé rẹ̀. Òfin wa kò gba ìbọn láìsí ìwé àṣẹ, ẹjọ́ ńlá ni.

Ti John Wayne, òṣèré sinimá, tí wọ́n ṣe ní 1981 ń ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, torí pé àwọn èèyàn fẹ́ràn ọkùnrin náà tọkàntọkàn. Síbẹ̀ 50,000 ni wọ́n ṣe, 600 dọ́là ni wọ́n sì ń tà á nígbà náà. Ó gbọ́dọ̀ lé ní 2,000 dọ́là lónìí kí ẹni tó kọ́kọ́ rà á tó lè sọ pé owó òun kò dínkù.

Bí ìbọn ìrántí bá wù yín, tí òfin ibi tí ẹ̀ ń gbé sì gbà yín láyè, ẹ má rà á tuntun. Ẹ wá èyí tí wọ́n ti yìn rí, tí páálí rẹ̀ ti sọ nù, torí ẹni tó kọ́kọ́ rà á ti jẹ òfò náà tán. Ọta .30-30 tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ ṣì wà káàkiri ọjà lọ́hùn-ún, ẹ sì lè fi ṣọdẹ láìbẹ̀rù pé ẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́.