Bátìrì kejì kì í dá dúró fúnra rẹ̀

Ẹ̀yin oní-píkọ́ọ̀pù Ìbàdàn, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ń pín in kiri pé tí a bá so bátìrì kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, pọ́sítífù sí pọ́sítífù, nẹ́gẹ́tífù sí nẹ́gẹ́tífù, ti kejì nìkan ni firíìjì inú ọkọ̀ á máa jẹ, ti àkọ́kọ́ á wà fún sítátà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Báyẹn, bátìrì ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n dà. Vọ́ọ̀tì 12 náà ni, iná tó wà nínú rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Tí firíìjì bá fà á mọ́jú, méjèèjì ló máa kú. (Ti tírélà yàtọ̀: pọ́sítífù sí nẹ́gẹ́tífù ni, kó lè di 24.)

Isolator, ìyẹn swíìṣì tó máa ń wà láàárín bátìrì méjèèjì, ló ń yà wọ́n. Ó máa ń so wọ́n pọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì fi ń pèsè iná) lè cháàjì méjèèjì. Tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, á já wọn.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan firíìjì fún wákàtí méjì, kí ẹ fi mítà wo bátìrì kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì bá jọ ń sọ̀kalẹ̀ láti nǹkan bí vọ́ọ̀tì 12.6, ẹ kò tíì ní bátìrì méjì. Rìwáyà yín ní Gate ní mítà náà.

Ẹ fi fíúsì sí ìdí bátìrì kọ̀ọ̀kan o. Wáyà tí kò ní in lè gbiná.