Ọmọ ọ̀dọ̀ tó hu ìyẹ́

Ní ọdún 2017, Nàìjíríà ní àyè tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní ìlú Venice, ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Láti ọdún 1895 ni àfihàn náà ti wà, oníkálukú sì ń kó ohun tó dára jù nílé rẹ̀ lọ síbẹ̀. Kí ni àwa kó lọ? Lára rẹ̀ ni ọmọdébìnrin mẹ́jọ tí wọ́n dúró pọ̀, tí ara wọn dúdú bí kóró iṣin, tí ìyẹ́ sì wà léjìká wọn. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní Èkó ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ tí a kó ròde lọ́dún náà, ọmọ tó ń fọ abọ́ ní kíṣìnì wa ni.

Pẹ̀jú Alátiṣe ló ṣe iṣẹ́ náà, Flying Girls ló sì pè é. Ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé ló kọ́ ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó tó di pé ọ̀dà, ìtàn kíkọ àti ère gbà á lọ́wọ́ ilé kíkọ́. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe irú àwòrán tí ènìyàn ń gbé kọ́ sí pálọ̀ kó lè bá kọ́tìnì mu. Á mú àǹkárá, á sọ ọ́ di ohun tó le gbagidi, aṣọ á dúró bí ẹni pé ènìyàn wọ̀ ọ́, ìwọ á wá ẹni tó wà nínú rẹ̀ tì. Nínú iṣẹ́ ti Venice yìí, ìtàn Sim ló ń sọ, ọmọ Yorùbá bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n fi háyà ní Èkó kó máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Lójú ayé, iṣẹ́ ilé ni ṣáá. Lójú àlá, ó ń fò. Lọ́dún kan náà, wọ́n fún obìnrin yìí ní ẹ̀bùn FNB Art Prize ní Johannesburg, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé àtẹ́wọ́ náà dún bo ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ náà ń sọ mọ́lẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ olówó iyebíye lọ wo àwòrán ní Ìkòyí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ta ló ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ nílé? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Sim ni. Sim náà ni yóò ṣí géètì fún un lóru, tí yóò gbé oúnjẹ kaná, tí yóò sì tún jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti pọn omi. A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Àwa akọ̀ròyìn náà ní ilé, a sì mọ ẹni tó ń bẹ ní kíṣìnì níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ háyà yìí. Àga là ń háyà, kánópì là ń háyà, jẹnẹrétọ̀ là ń háyà fún òde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ejẹ́ǹtì á mú un wá, á gba owó tirẹ̀ kí ọmọ tó sọ báàgì kalẹ̀. Owó oṣù kì í dé ọwọ́ ọmọ. Ọ̀dọ̀ ejẹ́ǹtì ló ń lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn òbí lábúlé. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ sílé, wọ́n á ní ọdún tí wọ́n san kò tíì pé. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ gan-an sàn díẹ̀ ju èyí lọ. Àgbàlagbà tó jẹ́ ìwọ̀fà ń sùn sílé ara rẹ̀, ó ń fi apá kan ọjọ́ ṣiṣẹ́ fún olówó rẹ̀, ó ń fi ìyókù ro oko tirẹ̀; ó mọ iye tó wà lọ́rùn òun, ọjọ́ tó bá sì san án ló bọ́. Ọmọ tó ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì kò mọ iye tí wọ́n gbà lórí òun.

Òmíràn ti Òkè-Ògùn wá, òmíràn ti Kútọnu tàbí Tógò gba Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé. Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ní orúkọ fún un lédè Fọ̀n, vidomègon, ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹni. Àṣà àgbàtọ́ ni níbẹ̀rẹ̀, bíi tiwa, kí owó tó bà á jẹ́. Ọdún 2003 ni wọ́n kó àwọn ọmọ Benin kan kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ agbègbè Zakpota. Ariwo ta nígbà náà, nítorí pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Kíṣìnì kì í ṣe ìta gbangba.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ ọ́ ní ẹ̀ka 28 pé a kò gbọ́dọ̀ fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbi tí kì í bá ti ṣe ilé rẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Òfin ọdún 2015 tó de fífi ènìyàn ṣòwò tún là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló kéré jù, ó sì lè tó ọdún méje. Bí wọ́n bá ní kí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, àti ọlọ́pàá máa mú gbogbo ẹni tí òfin yìí kàn láti Ìkẹjà dé Lẹ́kí, a kò rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n yóò gbà wá.

Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ mú ejẹ́ǹtì. Òun ló ń jẹ èrè lórí ogún, ọgbọ̀n ọmọ, tí ojú kì í tì í láti fi káàdì pín nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kiri. Lẹ́yìn náà, kí ìjọba Èkó ní kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń gbé lẹ́yìn géètì wọn sílẹ̀, àti iléèwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Òfin ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ àti dandan ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án fún gbogbo ọmọ. Kò yọ ẹni tó ń gbé báàgì ọmọ ẹlòmíràn lọ síléèwé sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ onílé yìí mọ ẹni tó jẹ owó sìkiọ́ríìtì. Wọn ò lè sọ pé àwọn kò mọ ẹni tó wà nínú ilé.

Àwọn kan yóò ní àánú làwọn ń ṣe, pé ebi ni ì bá pa ọmọ náà lábúlé. A ti gbọ́ ọ rí, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn kan wà tí wọ́n di nọ́ọ̀sì, tí wọ́n di tíṣà, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà wọ́n tọ́. Àmọ́ ọmọ àgbàtọ́ ń lọ síléèwé. Ní aago márùn-ún ìdájí, ta ló ti jí nínú ilé? Nígbà tí abọ́ fọ́, ta ni wọ́n gbá létí, ta sì ni wọ́n ní kó rọra má fẹsẹ̀ tẹ àfọ́kù? Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru tòru. Àwọn tó pa òwe náà kò pa á láti yìn wá.

Ó wá ku ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn ará Venice fẹsẹ̀ rìn lọ wò, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kò tíì fojú kàn án. Ìjọba ti kọ́ ilé àṣà Yorùbá sí Oníkàn, John Randle Centre. Kí wọ́n bá obìnrin yìí dúnàádúrà, kí wọ́n san owó tó tọ́ fún un, kí iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ìtàn Sim sára ògiri ní Yorùbá tó já gaara, kí àwọn ọmọ iléèwé sì máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ère kì í tú ọmọ sílẹ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ènìyàn wo ọmọ mẹ́jọ tó ga tó ọmọ gidi lójú, kó padà sílé, kó má lè wo ti inú kíṣìnì. Bí màdámú kan bá sì wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà má gbà kó fi ọmọ tó ń bá a gbé báàgì sílẹ̀ nínú mọ́tò. Kí wọ́n jọ wọlé.