Ẹ Wá A Dé Ojú Ìwé Tó Ti Wá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé fi orúkọ Fágúnwà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí ẹ ò mọ ẹni tó ni ín. Bí kò bá sì jẹ́ Fágúnwà, wọ́n á ní òwe àwọn baba wa ni. Ó máa ń dùn mí, torí ẹni tó jókòó kọ ọ́ ni orúkọ ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe lè wá ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé inú ìwé tó ti jáde.

Ẹ wo ewì J. F. Ọdúnjọ inú Aláwíyé, tí ọ̀pọ̀ wa há sórí nílé ìwé. Bí ẹ bá fi "iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́" wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sọnù, torí ẹnu gbogbo ayé ló wà. Ọ̀rọ̀ tó ṣàjèjì ni kí ẹ dì mú. Nínú ewì yìí, "léèkàn" ni: bàbá tó lẹ́ṣin léèkàn. Igi tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ láti so ẹran mọ́ ni èèkàn. Ẹni tí kò rí ẹṣin lórí ìso rí lè fo ọ̀rọ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló máa mú yín délé.

Àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ló tún ń dá èèyàn dúró jù. Kí àkọtọ́ 1974 tó dé, "aiye" ni ìwé ń kọ, kì í ṣe "ayé". "Nwọn" ni "wọ́n", "enia" ni "ènìyàn". Nítorí náà, ẹ tẹ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta: pẹ̀lú àmì, láìsí àmì rárá, àti ní àkọtọ́ àtijọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó láàárín àmì àyọlò (" "). Bí ẹ bá ṣi ẹyọ kan rántí, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n yà sórí kọ̀ǹpútà ni, ẹ̀rọ lè má rí àmì ìsàlẹ̀, kó sọ "ọ" di "o" lásán tàbí "q".

Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi rántí rẹ̀, ẹ má fúnra yín tú u sí Yorùbá. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ jáde ní 1938. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ ní 1968, "ẹgbẹ̀rún" ("thousand") wọ inú àkọlé Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá ẹgbẹ̀rún yẹn títí nínú àkọlé Fágúnwà, ẹ ò ní rí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìtumọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ wá ṣí ibẹ̀ nínú ti Yorùbá.

Bí ẹ bá rí i, ọdún ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni kí ẹ kọ mọ́ ojú ìwé, torí àtúntẹ̀ lè yí ojú ìwé padà.